Ẹ́ńjìnnì Tí Ó Ń Kọsẹ̀: Wíwá Àrùn Tí Ó Ń Sá Pamọ́ Nínú Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù

Wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń ṣẹ lójoojúmọ́ ní Abẹ́òkúta ni ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Ọkọ̀ kan yóò dé, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Wọn yóò pààrọ̀ ohun tí ojú kọ́kọ́ rí, ọkọ̀ yóò sì dára fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, àrùn náà yóò padà dé. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò bínú sí mẹkáníìkì, mẹkáníìkì yóò bínú sí ẹni tí ó ta páàtì, ẹni tí ó ta páàtì yóò sì búra pé ọjà òun kì í ṣe ayédèrú. Òkè ni gbogbo wọn ń wò.

Ọ̀kan nínú àwọn àrùn ọkọ̀ tí ó ṣòro láti gbá mú jù lọ ni kí ẹ́ńjìnnì máa kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹkáníìkì a máa sọ pé ẹ́ńjìnnì "ń mísì", àwọn awakọ̀ a sì máa sọ pé ọkọ̀ "ń jáàkì". Ọkọ̀ náà kò kú, kò sì kọ̀ láti gbéra. Ó ń lọ, ó ń kọsẹ̀, ó sì tún ń lọ. Bí wọ́n bá wá gbé e dé iwájú ẹni tí yóò tún un ṣe, yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí ó rí olùkọ́ rẹ̀ lókèèrè. Báwo ni a ṣe lè wo àrùn tí kò fẹ́ kí a rí òun? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì fún awakọ̀, ó sì ṣe pàtàkì fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, nítorí ọ̀nà tí a fi ń wá irú àrùn yìí ni ọ̀nà tí a fi ń wá òtítọ́ nínú ohun gbogbo.

Àáró inú ẹ́ńjìnnì

Ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń rìn kò lè mọ ìgbà tí ó bá kọsẹ̀. Ìtàn àwọn Ẹ̀gbá fi yé wa pé ẹgbẹ́ àáró ni Lísàbí fi kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ kí wọ́n tó bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ ní oko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù a sì mọ ìgbà tí ó kàn án. Bí ẹnìkan kò bá wá ní ọjọ́ rẹ̀, iṣẹ́ kò ní ṣàì lọ, ṣùgbọ́n ọrùn àwọn yòókù ni yóò wọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn sìlíńdà inú ẹ́ńjìnnì tí ó ń lo epo bẹntiróòlù. Iṣẹ́ mẹ́rin ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń ṣe: yóò fa afẹ́fẹ́ àti epo mu, yóò fún wọn pọ̀, púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná sí wọn, wọn yóò sì fi agbára ti písítìn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tú èéfín jáde. Gbogbo wọn kì í ṣáná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin, ètò tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ìkínní ṣáná, kí ẹ̀kẹta tẹ̀lé e, kí ẹ̀kẹrin tẹ̀lé ẹ̀kẹta, kí èkejì sì ṣe àṣekágbá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yípo ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, iná yóò ṣẹ́ nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo.

Kí sìlíńdà kan tó lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé. Èkínní ni epo àti afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Fún bẹntiróòlù, ìwọ̀n náà tó nǹkan bí ìdá 14.7 afẹ́fẹ́ sí ìdá kan epo bí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Èkejì ni iná tí ó lágbára tí ó sì ṣẹ́ ní àkókò. Ẹ̀kẹta ni ìfúnpọ̀, èyí tí ó gbà pé kí fáàfù pa dé, kí ríìngì písítìn má jò, kí gáásíkẹ́ẹ̀tì sì wà ní pípé. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀ fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá, sìlíńdà náà ti pa ọjọ́ àáró rẹ̀ jẹ nìyẹn. Ohun tí awakọ̀ ń pè ní jíjáàkì kò ju èyí lọ.

Bí agbára ṣe ń bo àrùn mọ́lẹ̀

Ní ọdún 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to ti Volkswagen ní Ọ̀jọ́ ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó wà lójú pópó ní sìlíńdà mẹ́rin, kọ́ìlì kan, dìsìtíríbútọ̀ kan àti kabúrétọ̀. Bí sìlíńdà kan bá ṣíwọ́ nínú mẹ́rin, ìdá mẹ́rin agbára ti lọ, gbogbo ará ọkọ̀ ni yóò sì mọ̀ ọ́n lára. Mẹkáníìkì yóò fọ ẹnu kọ́ńtáàtì, yóò wo púlọ́ọ̀gì, ọ̀rọ̀ yóò sì máa parí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Lónìí, píkọ́ọ̀pù alágbára tí wọ́n ń kó wọlé ní tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Bí àpẹẹrẹ, ẹ́ńjìnnì lítà 5.7 tí ó wọ inú Toyota Tundra ti ọdún 2007 ní sìlíńdà mẹ́jọ, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 381. Kò ní dìsìtíríbútọ̀. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ni ó ní kọ́ìlì tirẹ̀, kọ̀ǹpútà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì sì ni ó ń pàṣẹ ìgbà tí iná yóò ṣẹ́ àti ìwọ̀n epo tí nọ́súlù yóò fọ́n. Bí sìlíńdà kan bá pa iṣẹ́ jẹ nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, méje ni ó kù tí ó ń ṣiṣẹ́. Lórí títì tí ó tẹ́jú, awakọ̀ lè rò pé gbágungbàgun ojú ọ̀nà ni. Agbára ọkọ̀ náà gan-an ni ó ń bo àrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú tí ó tẹ́jú. Ìlú tí a tẹ̀ dó sí abẹ́ àpáta ni, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù tí ó sì ń gun òkè ni àṣírí àrùn náà máa ń tú. Ìdí rẹ̀ nìyí. Iná bátìrì kò ju fóòtì 12 lọ. Kọ́ìlì ni ó ń sọ ọ́ di fóòtì tí ó ju 20,000 lọ, kí ó lè fo àlàfo kékeré tí ó wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Bí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù dáadáa, afẹ́fẹ́ púpọ̀ yóò wọ inú sìlíńdà. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti pọ̀ tó nínú ìfúnpọ̀ náà ni ó ń ṣòro tó fún iná láti fò ó. Iná yóò wá béèrè fóòtì púpọ̀ sí i. Bí rọ́bà kọ́ìlì bá ti sán, tàbí tí ẹnu púlọ́ọ̀gì ti jẹ, tí àlàfo rẹ̀ sì ti fẹ̀ jù, iná náà yóò wá ọ̀nà tí ó rọrùn gbà, yóò sì jò sí ara irin. Ó dà bí ọ̀pá omi tí ó ti là díẹ̀: bí omi bá rọra ń sàn, ẹnikẹ́ni kò ní rí i, ọjọ́ tí omi bá dé pẹ̀lú agbára ni ilẹ̀ yóò tutù. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan ní ọgbà mẹkáníìkì, tí kò ru nǹkan kan, kò ní ìdí tí yóò fi kọsẹ̀.

Ìbéèrè ṣáájú sípánà

Kí á sọ pé àgbẹ̀ adìyẹ kan wà ní agbègbè Ọ̀dẹ́dá tí ó ń fi irú píkọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ kó kírééètì ẹyin wá sí ọjà Kútọ̀, tí ó sì ń gbé òmíràn lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọkọ̀ náà ń kọsẹ̀, ẹyin sì ń fọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin kọ́ ni ó léwu jù. Ọkọ̀ àjàgbé tí ó kó sìmẹ́ńtì pọ̀ lójú ọ̀nà Èkó láti Ewékorò wá sí Pápáláńtò. Awakọ̀ yóò yà jáde láti sáré kọjá ọ̀kan nínú wọn, yóò fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ tọ́tù, àkókò yẹn gan-an, tí ẹ́ńjìnnì nílò iná tí ó lágbára jù lọ, ni yóò sì kọsẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ wá pàdé kò ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì láti fi ṣòfò. Ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè ni ó yẹ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ mú, kì í ṣe sípánà. Ìgbà wo ni ó ń ṣe é? Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù nìkan, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gbéra, ó lè jẹ́ pé omi rádíétọ̀ ń jò wọ inú sìlíńdà lóru láti ara gáásíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ fura sí kọ́ìlì, nítorí wáyà tí ó ti dá nínú rẹ̀ lè fi ara kan ara nígbà tí ó tutù, kí ooru sì yà wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ òjò tàbí ìrì, ibi tí iná ti ń jò ni kí ẹ wá. Bí ó bá ń kọsẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró ṣùgbọ́n tí ó ń dára bí a bá tẹ tọ́tù, afẹ́fẹ́ lè máa wọlé níbi tí kò yẹ kí ó gbà, láti ara ọ̀pá rọ́bà tí ó là. Bí ó bá sì jẹ́ lórí òkè àti lábẹ́ ẹrù nìkan, ọ̀rọ̀ di ti iná tàbí ti epo tí kò tó: púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, fílítà tí ó dí, tàbí pọ́ǹpù epo tí ó ti rẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: ibo ni ẹ ti ra epo kẹ́yìn? Ní oṣù kejì ọdún 2022, gbogbo Nàìjíríà ni ó rí ohun tí epo burúkú lè ṣe. Epo bẹntiróòlù tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun ní mẹtanọ́ọ̀lù nínú ju bí ìlànà orílẹ̀-èdè ti gbà lọ. Àwọn aláṣẹ kéde rẹ̀, wọ́n kó epo náà kúrò lọ́jà, ìlà ọkọ̀ sì gùn nílé epo. Agbára tí ó wà nínú mẹtanọ́ọ̀lù kò ju bí ìdajì ti bẹntiróòlù lọ, ó sì máa ń fa omi mọ́ra. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi wà nínú epo rẹ̀ lè bu díẹ̀ sínú ìgò funfun tí ó mọ́, kí ó gbé e síbi tí iná kò sí fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Ìsàlẹ̀ ni yóò wà, ìlà tí ó yà wọ́n yóò sì hàn kedere.

Síkáánà kì í ṣe babaláwo

Ẹnìkan lè sọ pé gbogbo wàhálà yìí kò nílò, pé kí á ṣáà gbé ẹ̀rọ síkáánà wá. Lóòótọ́, láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí ọkọ̀ tuntun ní ojú kan náà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gbà bá bíréènì bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kọsẹ̀ láìsí sìlíńdà kan pàtó, ẹ̀rọ náà lè kọ P0300. Bí ó bá kọ P0301, sìlíńdà kìínní ni. P0303 ni ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni yóò lọ títí dé P0308 fún ẹ̀kẹjọ. Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe mọ̀ kò ṣòro láti yé: ó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yípo, bí ó bá sì rí i pé ó falẹ̀ díẹ̀ ní àkókò tí ó kan sìlíńdà kẹta, ó mọ ẹni tí kò wá sí àáró.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wá ni ó mọ̀. Kò mọ ohun tí ó dá a dúró. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n rí P0303, wọ́n sáré lọ ra kọ́ìlì. Ẹ̀rọ náà kò dárúkọ kọ́ìlì. Ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ nọ́súlù, ó lè jẹ́ wáyà, ó sì lè jẹ́ fáàfù tí kò pa dé mọ́.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò ní kí a ra nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yọ kọ́ìlì sìlíńdà kẹta sí ipò ìkarùn-ún, kí wọ́n sì fi ti ìkarùn-ún sí ipò ẹ̀kẹta. Kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ rẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n di ẹrù sínú ọkọ̀, kí wọ́n wà á gun òkè tí ó ti máa ń kọsẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ tuntun bá jẹ́ P0305, àrùn náà ti tẹ̀lé kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì ni a gbá mú. Bí ó bá ṣì jẹ́ P0303, kọ́ìlì kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Kí wọ́n fi púlọ́ọ̀gì ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́súlù. Bí gbogbo ìwọ̀nyí kò bá tẹ̀lé ara wọn lọ, ó kù kí wọ́n wọn ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, nítorí àrùn náà ti wọ inú ara ẹ́ńjìnnì. Ohun kan ṣoṣo ni kí á yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ohun mẹ́ta papọ̀ lè wo ọkọ̀ sàn, ṣùgbọ́n kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn, àìmọ̀ náà yóò sì tẹ̀lé e dé ara ọkọ̀ tí ó kàn.

Púlọ́ọ̀gì tí a bá tú pàápàá ní ẹnu tí ó fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá pọ́n bí àwọ̀ ilẹ̀, iná ibẹ̀ dára. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ bí ẹ̀yin ìkòkò, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá funfun, epo kò tó tàbí ooru ti pọ̀ jù. Bí ọ́ìlì bá bò ó, ríìngì tàbí fáàfù ti ń jẹ ọ́ìlì. Bí a bá sì rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lára tánganran rẹ̀, ipa ọ̀nà tí iná ń gbà sá lọ nìyẹn. Ìkìlọ̀ kan: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ lásán yọ orí púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Bí iná ẹ́ńjìnnì tí ó wà níwájú awakọ̀ bá ń ṣẹ́jú, tí kò dúró sójú kan, kí awakọ̀ má ṣe rò pé ó lè fara dà á dé Èkó. Epo tí kò jóná nínú sìlíńdà ń lọ jóná nínú kátálíísì, àpótí tí ń fọ èéfín lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà. Àpótí náà lè gbóná títí yóò fi pọ́n, inú rẹ̀ lè yọ́. Ní àkókò ọyẹ́, kí a gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró sórí koríko gbígbẹ lè dá iná sílẹ̀.

Owó àyẹ̀wò

Bí ọ̀nà náà bá hàn gbangba báyìí, kí ní ń dí àwọn mẹkáníìkì lọ́wọ́ láti tẹ̀ ẹ́? Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ gbà láti san owó kọ́ìlì, nítorí ó rí kọ́ìlì lójú. Ó gbà láti san owó iṣẹ́, nítorí ó rí òógùn. Ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá lo wákàtí mẹ́ta láti fi bèèrè ọ̀rọ̀, láti fi gun òkè, láti fi pààrọ̀ ipò kọ́ìlì méjì, tí ó sì sọ pé wáyà kan ni ó tú, oníbàárà yóò ní kí ni ó ṣe tí òun yóò fi sanwó? Nígbà tí a kò bá sanwó ìmọ̀, páàtì ni a ó máa fi tà á fún wa. Mẹkáníìkì tí ó ní ìyàwó àti ọmọ yóò yára kọ́ bí a ti ń méfò, nítorí ìméfò ni ó ń mú owó wá.

Ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí ara ènìyàn ní ti èyí. Kò sí ẹni tí ó ń bá ilé ìwòsàn jà pé wọ́n gba owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fún òun ní oògùn. Bí àwọn oníbàárà bá lè yan owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀, kí wọ́n sì san án bí àrùn náà tilẹ̀ jẹ́ wáyà tí ó tú, ọ̀gá mẹkáníìkì yóò ní ìdí láti kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní sùúrù. Àwọn olùkọ́ náà ní ipa tiwọn. Ọmọ tí ó bá ti ṣe é rí ní kíláàsì, yálà pẹ̀lú bátìrì, wáyà àti gílóòbù, pé kí ó yí ohun kan padà kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kò ní dé ọgbà mẹkáníìkì, tàbí ibi iṣẹ́ mìíràn, kí ó máa lu nǹkan káàkiri.

Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń kọsẹ̀ kò ṣe ìdán, kò sì ní ẹ̀mí àìrí. Ó ní ìgbà tirẹ̀, ó ní ibi tirẹ̀, ó sì ní ìdí kan. Ẹni tí ó bá bèèrè ìgbà, tí ó wá ibi, tí kò sì fi ẹnu sọ ìdí kí ojú rẹ̀ tó rí i, ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò gun òkè láìkọsẹ̀.